Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ẹ́dítì fídíò òde ń háńgì: ṣé graphics card ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ajílété_Fídíò (Ògbómọ̀ṣọ́) · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ara ilé. Ẹ kú ọyẹ́ náà.

Iṣẹ́ fídíò ni mo ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí: ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìkómọ, ìwúyè, ibi tí wọ́n bá ti pè wá. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Takie. Kọ̀ǹpútà mi ni HP EliteDesk 800 G1, èyí tó dúró gbọọrọ. Prósẹ́sọ̀ i5-4590 ló wà nínú ẹ̀, RAM (mémórì iṣẹ́) 8GB, háàdì oníyìípo 500GB. Kò ní graphics card (káàdì àwòrán) kankan. Nígbà tí mo ń ya 1080p, kò yọ mí lẹ́nu. Ọdún tó kọjá ni mo ra Sony ZV-E10, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya 4K. Látìgbà náà ni mi ò ti sinmi. Tí mo bá tẹ play, àwòrán á lọ díẹ̀, á dúró, ohùn nìkan á máa lọ. Klípù tí àbúrò mi bá fi iPhone yà tún burú jù, kì í rìn rárá. Mo máa ń fi rẹ́ńdà, ìyẹn kíkọ fídíò tó ti parí jáde, sílẹ̀ mọ́jú ni. Tí NEPA bá mú iná lọ lóru, ó di kí n tún un bẹ̀rẹ̀.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ ₦450,000. Ẹnì kan ní kí n fi ra graphics card RTX 3060, pé gbogbo wàhálà á tán. Àbúrò mi tó wà ní LAUTECH náà ń tì mí sí i, torí ó fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù àti GTA lórí ẹ̀ tí mi ò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣé òótọ́ ni? Ọdún kan gbáko ni mo fi tu owó yìí jọ, mi ò fẹ́ ṣì í ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

UnderG_Gamer · Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò yín ò parọ́ pé 3060 dára, 12GB ni mémórì orí ẹ̀. Àmọ́ i5-4590 yẹn, ọdún 2014 ló jáde, orí (core) mẹ́rin péré ló ní. Tí ẹ bá gbé 3060 tì í, káàdì á máa jókòó dè é ni. Ọbẹ̀ ti délẹ̀, ẹni tó fẹ́ ro àmàlà ò tíì gbé omi kaná.

Ní ti GTA V tó ń sọ, 2015 ló wọ orí kọ̀ǹpútà. Káàdì GTX 660 tó ní 2GB pẹ̀lú RAM 8GB làwọn tó ṣe é fúnra wọn dámọ̀ràn fún ẹni tó bá fẹ́ gbádùn ẹ̀. Káàdì kékeré bíi GTX 1650 gbé e, ó tún lé. Ẹ má jẹ́ kó fi géèmù fà yín lọ síbi owó ńlá.

Alátùnúnṣe_Sábó (Ògbómọ̀ṣọ́) · Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

Àbúrò, má tíì náwó kankan.

Àkọ́kọ́, 3060 kò lè ṣiṣẹ́ nínú àpótí yẹn. Power supply (ẹ̀rọ tó ń pín iná) inú 800 G1 tó dúró gbọọrọ, 320W ni. Káàdì yẹn nìkan lè jẹ 170W, ó sì ń fẹ́ wáyà iná tirẹ̀ láti inú power supply, wáyà tí mi ò tíì bá nínú ọ̀kankan lára àwọn 800 G1 tó ti gba ọwọ́ mi kọjá. Tí o bá ní o fẹ́ pààrọ̀ power supply, HP ò lo ìdè 24-pin tí gbogbo ayé ń lò. Ìdè onípín-ìn mẹ́fà tiwọn ni wọ́n fi sórí bọ́ọ̀dù. Wàá wá wáyà àfikún kiri, wàá já, wàá so, níkẹyìn bọ́ọ̀dù á jó. Mo ti bá irú ẹ̀ pàdé lórí tábìlì mi, ẹni tó gbé e wá fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Èkejì, a ò tíì mọ ohun tó ń ṣe é. Adáhunṣe gan-an á kọ́kọ́ bi aláìsàn pé ibo ló ń dùn ọ́. Ṣí iṣẹ́ tó ń háńgì yẹn, tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager yọ, jẹ́ kí fídíò máa lọ, kí o wo CPU (prósẹ́sọ̀), Memory (RAM) àti Disk (háàdì). Wá kọ nọ́ńbà tó o bá rí síbí.

Ajílété_Fídíò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:31 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Mo ti wò ó. CPU wà ní 100%, kò sọ̀ kalẹ̀. Memory wà ní 7.4 nínú 7.9. Disk náà 100%, ìgbà míì ó máa ń padà sí 90. Nígbà tí mo gbé klípù iPhone sí i, ọfà mouse gan-an ò rìn mọ́.

Alátùnúnṣe_Sábó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 àárọ̀

Ó dáa. Ibi mẹ́ta ló ti ń dùn ún, graphics card ò sì sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Disk ni ká kọ́kọ́ mú. Háàdì oníyìípo, tí ara ẹ̀ bá dá ṣáká, á ka bíi 100 sí 150MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn tí ó bá ń ka nǹkan kan ṣoṣo tó tò tẹ̀lé ara ni o. Iṣẹ́ tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Windows ń kà, ohun èlò tí o fi ń gé fídíò ń kà, klípù mẹ́rin ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, abẹ́rẹ́ inú háàdì ń sáré síwá sẹ́yìn. SSD onísátà, háàdì tí kò ní ohun tó ń yí, á fún ọ ní nǹkan bí 550MB. NVMe, SSD tó yára jù ú lọ tó ń wọ ihò M.2 orí bọ́ọ̀dù, á fún ọ tó 3,500MB, ìyẹn ìran kẹta (Gen3) lásán. Kò ní abẹ́rẹ́ tó ń sáré, ibikíbi ló ti lè kà.

RAM: 8GB kò tó fún 4K. Nígbà tó kún, Windows ń da ẹrù tó ṣẹ́kù sórí háàdì tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ yẹn. Wọ́n wá jọ ń pa ara wọn. 16GB ni ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ 8GB méjì, kì í ṣe 16GB ẹyọ kan, torí tí wọ́n bá jẹ́ méjì, ọ̀nà méjì ni prósẹ́sọ̀ á máa gbà kó nǹkan.

CPU wá ni ìdí ọ̀rọ̀. Kámẹ́rà rẹ ń fi H.264, ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀, kọ fídíò. H.264 kì í tọ́jú gbogbo àwòrán lódidi. Á tọ́jú ẹyọ kan lódidi, lẹ́yìn náà á máa sọ ohun tó yí padà nìkan. Tí o bá wá fo sí àárín klípù, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ padà síbi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ kó tó mọ bí ojú ìyàwó ṣe yẹ kó rí. Nínú prósẹ́sọ̀ Intel, láti 2011, ibì kan wà tí wọ́n dìídì kọ́ fún iṣẹ́ yìí, Quick Sync ni wọ́n ń pè é. Tìrẹ ní in, ṣùgbọ́n ti ayé àtijọ́ ni. iPhone ń fi H.265 kọ tirẹ̀, èyí tó le jùyẹn lọ. Ìran kẹfà Intel, ọdún 2015, ló kọ́kọ́ gbọ́ H.265 dáadáa. Ìran keje ló gbọ́ èyí tó jẹ́ 10-bit, irú tí àwọn iPhone tuntun máa ń kọ tí HDR bá wà ní títàn. Ìran kẹrin ni tìrẹ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ Haúsá fún ẹni tí kò gbọ́: á máa wo ẹnu wọn ni.

Ìdí kan tún wà tí mi ò fi fẹ́ kí o náwó lé ìran kẹrin lórí. Windows 10 ti parí láti October 14, 2025, Microsoft kì í ṣe àtúnṣe ọ̀fẹ́ sí i bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Windows 11 ní ìran kẹjọ Intel ni òun ti ń bẹ̀rẹ̀. RAM DDR3 tó sì wà nínú ẹ̀ báyìí kò lè wọ kọ̀ǹpútà tuntun tó o bá rà lọ́la.

Ìmọ̀ràn tèmi: wá tòkunbọ̀ Dell OptiPlex 7060 tàbí HP EliteDesk 800 G4, èyí tó dúró gbọọrọ, má ra pẹlẹbẹ, torí káàdì gíga ò ní wọ pẹlẹbẹ lọ́la. Tí o bá rí i7-8700 nínú ẹ̀, orí mẹ́fà ló ní, òpó (thread) méjìlá, 65W péré ni wọ́n kọ sí i lára. Ó ní ihò M.2. Ó gbọ́ H.265 10-bit. Fi 16GB àti NVMe sí i, kí o sì fi graphics card sílẹ̀ ná.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ tà ọ́ ní èyí tó tuntun sí i, bíi ìran kejìlá, i5-12400 ni kí o gbà, má gba i5-12400F. F tó wà lẹ́yìn ẹ̀ yẹn túmọ̀ sí pé wọ́n ti yọ apá àwòrán inú ẹ̀ kúrò, Quick Sync sì bá a lọ. Àwọn oníṣòwò kì í sọ ọ́.

Ọ̀gá_Workstation (Ìbàdàn) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:50 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o. Mo bọ̀wọ̀ fún Alátùnúnṣe, ṣùgbọ́n èmi ò ní lọ síbẹ̀ yẹn. Iye owó kan náà, ẹ lè rí HP Z440, kọ̀ǹpútà iṣẹ́ ńlá (workstation). Power supply 700W ojúlówó ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn, ihò RAM mẹ́jọ, prósẹ́sọ̀ Xeon E5. Mo ń lò ó láti ọdún mẹ́rin, mo fi ń ṣe àwòrán 3D nínú Blender, kò já mi kulẹ̀ rí. Ó wúwo bí ọlọ, wọ́n kọ́ ọ fún iṣẹ́ ni. Káàdì RX 580 8GB á wọ inú ẹ̀, géèmù àbúrò ẹ̀ náà á sì lọ.

Alátùnúnṣe_Sábó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán, ọ̀gá mi. Fún 3D, mi ò bá yín jiyàn, orí tó pọ̀ ni Blender fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gé fídíò òde ni àbúrò yìí. Xeon E5 kò ní apá àwòrán nínú, kò ní Quick Sync. Gbogbo ẹ̀ á wá dorí káàdì.

Ẹ jẹ́ ká wá wo iná, torí Ògbómọ̀ṣọ́ la wà. E5-1650 v3 jẹ́ 140W, RX 580 jẹ́ 185W. Ẹ fi mọ́nítọ̀ àti ìyókù kún un, ẹ ti ń sún mọ́ 400W tí ó bá ń rẹ́ńdà. Bátìrì inverter kan, 12V 200Ah, 2,400Wh ló wà nínú ẹ̀ lórí ìwé. Tí ẹ ò bá fẹ́ kó tètè kú, ìlàjì ni kẹ́ ẹ lò, 1,200Wh. Workstation yín á mu ún tán kó tó pé wákàtí mẹ́ta. OptiPlex tí mo sọ, tí kò ní káàdì, tòun ti mọ́nítọ̀ tí kò bá ju 150W lọ, á lò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́jọ lórí ìwé, ẹ jẹ́ ká sọ pé mẹ́fà torí inverter fúnra ẹ̀ náà ń jẹ díẹ̀. Rẹ́ńdà tí kò já láàárín òru ni oúnjẹ ọmọ yìí.

Ọ̀gá_Workstation · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:02 ọ̀sán

Ti iná yẹn, ẹ gbá mi mú. Mo ní sólà ńlá nílé, mi ò rò ó láti ibẹ̀. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi fún ẹni tó bá ní iná tó gún. Tí ó bá sì jẹ́ Xeon lo padà rà, àbúrò, GTX 1650 ni kí o fi sí i, má ra RX 580 tí mo sọ. NVIDIA yẹn á bá ọ ka H.264 àti H.265 dípò Quick Sync, 75W péré ló sì ń jẹ. Kó má tún jẹ́ pé wàá ra RAM workstation torí pé ó pọ́ọ́kú: irú RAM ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń pè ní ECC registered ni, kò ní wọlé sí OptiPlex.

Àǹtí_Àkẹ̀sán (Ọ̀yọ́) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ yìí kan náà ni mò ń ṣe ní Ọ̀yọ́, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Àwọn ọ̀gá ti sọ ti ẹ̀rọ. Àbúrò mi, mo fẹ́ sọ ohun méjì tí o lè bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ yìí láì tíì ná kọ́bọ̀.

Ìkíní ni proxy. Nínú Premiere, fi ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ klípù, wá Proxy, kí o sì ní kó ṣe é. DaVinci Resolve náà ní i, kódà èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Á bá ọ ṣe ẹ̀dà kékeré fún klípù kọ̀ọ̀kan. Yan 720p, kí o yan ProRes Proxy tàbí DNxHR LB, torí àwọn wọ̀nyẹn ń tọ́jú gbogbo àwòrán lódidi, kò ní máa padà sẹ́yìn lọ wá ìtàn bí Alátùnúnṣe ṣe wí. Ẹ̀dà kékeré yẹn lo máa fi gé, lo máa fi to. Tí o bá fẹ́ rẹ́ńdà, á padà sórí 4K gangan fúnra ẹ̀. Mo fi ọ̀nà yìí gé fídíò 4K lórí kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ ju tìrẹ lọ fún ọdún kan àtààbọ̀. Ṣíṣe proxy yẹn á pẹ́ díẹ̀, fi sí i tí o bá ń lọ jẹun. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ ò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ tí o máa ra nǹkan.

Èkejì ni ibi tí o ń kó fídíò sí, èyí sì ló jẹ mí lọ́kàn jù. Kámẹ́rà rẹ, tí ó bá ń ya 4K ní 100Mbps, ó ń kọ 12.5MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wákàtí kan jẹ́ 45GB. Kámẹ́rà méjì, òde wákàtí márùn-ún, 450GB. Háàdì tí o ní yẹn kò gba òde kan tán. Nítorí náà, mo mọ̀ pé o máa ń pa èyí tó ti kọjá rẹ́ kí o tó gba tuntun, mo sì mọ̀ pé ẹyọ kan ṣoṣo ló wà.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo lọ ya ìgbéyàwó kan ní Ìséyìn. Ìyá àgbà ìyàwó jókòó sórí ẹní, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó ń kì í, láti orílẹ̀ bàbá dé orílẹ̀ ìyá. Ó tó ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo ilé dákẹ́. Mo kó o sínú háàdì kan, mo nu káàdì kámẹ́rà kí n lè lọ òde ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, háàdì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún káká-káká, kò ṣí mọ́. Mo gbé e kiri. Kí n tó rí ẹni tó lè bá mi yọ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹ̀, wọ́n ti sin ìyá àgbà. Ìyàwó náà ò bá mi jà rárá. Ó kàn bi mí pé, «Àǹtí, ohùn ìyá mi nìkan ńkọ́?» Kò sí lára ohun tí wọ́n bá mi yọ.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò nu káàdì kámẹ́rà kankan àfi tí fídíò bá ti wà níbi méjì. Ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú háàdì òde tí mo máa ń yọ kúrò tí mo máa ń gbé lọ ilé, kí olè tàbí iná má baà kó méjèèjì pọ̀. Tí ₦450,000 rẹ bá tilẹ̀ ṣẹ́ kù díẹ̀, yọ owó háàdì òde kan kúrò nínú ẹ̀ kí o tó yọ owó nǹkan mìíràn.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, mo kàn rántí ni: iná wa 50Hz ni. Fi kámẹ́rà rẹ sí PAL, 25fps, kí shutter jẹ́ 1/50. Iná gbọ̀ngàn kò ní máa ṣẹ́jú nínú fídíò rẹ mọ́. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn wo ìyẹn sàn dáadáa.

ỌmọAdénìkẹ̀ẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:58 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí kò kàn ra laptop? Ó ní bátìrì nínú, NEPA ò ní já rẹ́ńdà ẹ̀.

UnderG_Gamer · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:10 alẹ́

Ọ̀rọ̀ yẹn ní làákàyè, èmi náà laptop ni mo ní. Àmọ́ iye tí ẹ̀gbọ́n mú wá, laptop tó máa rà kò ní lágbára tó i7-8700 onítábìlì. Tó bá ń rẹ́ńdà lóru kan nínú ooru àdúgbò wa Under G, á gbóná débi tí yóò fi máa rọra ṣe é kó má baà jó. Bátìrì náà á kú kó tó pé wákàtí méjì. Yàtọ̀ sí RAM àti SSD, kò sí ohun tí ẹ tún lè pààrọ̀ nínú ẹ̀.

Ajílété_Fídíò · Ọjọ́rú, 6:48 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Lóòótọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni tèmi náà wà. Mo ti lọ yá háàdì ọ̀rẹ́ mi kan ní òwúrọ̀ yìí, mo ti kó òde mẹ́ta tí mi ò tíì fún wọn sí i. Mo ti ṣe proxy náà pẹ̀lú. Ó ń rìn! Ọdún kan ni mo ti ń jìyà yìí, láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo bá ẹnì kan pàdé lónìí tó fẹ́ ta GTX 1050 Ti fún mi ní owó tó kéré gan-an. Ó ní 75W ni, pé á wọ EliteDesk tèmi báyìí-báyìí. Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé kí n mú un?

Alátùnúnṣe_Sábó · Ọjọ́rú, 7:05 ìrọ̀lẹ́

Má san kọ́bọ̀ kí o tó rí i nínú kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ 1050 Ti ayédèrú ló wà lọ́jà. GTS 450 ti ọdún 2010 ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á yí orúkọ inú BIOS ẹ̀ (ètò tó wà nínú káàdì fúnra ẹ̀) padà, wọ́n á fi sínú páálí tuntun. Windows á gbà wọ́n gbọ́. Gbé GPU-Z, ètò tó ń yẹ káàdì wò, sínú flash, ọ̀fẹ́ ni, láti 2018 ló ti mọ̀ wọ́n. Tí ó bá jẹ́ gbàrọgùdù, á kọ FAKE ṣáájú orúkọ ẹ̀. Tí ihò VGA bá sì wà lẹ́yìn ẹ̀, sá fún un: 1050 Ti ojúlówó ò gba àmì VGA rárá.

Ajílété_Fídíò · Ọjọ́bọ̀, 11:20 àárọ̀

Ọ̀gá, FAKE ló kọ. VGA wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo fi han ọkùnrin náà, kò jiyàn, ó kàn dá káàdì padà sínú páálí. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run ó bá mi san án fún yín. Mò ń lọ Ìbàdàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Alátùnúnṣe_Sábó · Ọjọ́bọ̀, 11:47 àárọ̀

Tí o bá débẹ̀, má jẹ́ kí ẹnu dídùn kó ọ lọ. Mú flash tí GPU-Z, CPU-Z àti CrystalDiskInfo wà lórí ẹ̀. CPU-Z á sọ prósẹ́sọ̀ tó wà nínú ẹ̀ gangan, ṣé RAM méjì ni tàbí ẹyọ kan. CrystalDiskInfo á sọ bí SSD ṣe gbó tó: tí ìlera ẹ̀ bá ti wà nísàlẹ̀ 90, má fi ṣe ibi tí o ń kó iṣẹ́ oníbàárà sí. Ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú rẹ, kó máa ṣiṣẹ́, kì í ṣe kó kàn tàn. Fi ọwọ́ kan ara ẹ̀. Tẹ́tí sí fáànù. Gbogbo ihò USB, fi flash dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ̀n iná tí wọ́n kọ sára power supply, ya fọ́tò ẹ̀ wá fún mi kí a tó sọ̀rọ̀ káàdì lọ́jọ́ iwájú.

Ajílété_Fídíò · Ọjọ́ Àìkú, 8:30 alẹ́

Mo ti dé o. OptiPlex 7060 tó dúró gbọọrọ ni mo mú, i7-8700, RAM 8GB méjì. Mo ra NVMe 500GB tuntun sí i àti háàdì òde 2TB. Tòun ti owó ọkọ̀, ₦437,000 ló lọ. Ṣọ́ọ̀bù kejì tí mo wọ̀ kọ̀ pé kí n má fi flash mi sí ẹ̀rọ àwọn, mo bá jáde. Ibi tí mo ti rà á, ọmọkùnrin náà fúnra ẹ̀ ló ní kí n jókòó kó tàn án fún wákàtí kan.

Fídíò ìgbéyàwó tó ń gba òru mọ́jú, ìṣẹ́jú mẹ́rìnléláàádọ́ta. Mo jókòó tì í títí ó fi parí. Klípù iPhone náà ń rìn láìsí proxy. Àmọ́ fáànù ẹ̀ ń pariwo tí ó bá ń rẹ́ńdà, ó sì ń gbóná dé 96°C.

Alátùnúnṣe_Sábó · Ọjọ́ Àìkú, 8:52 alẹ́

Kú oríire! 96 ti pọ̀ jù, ní 100 ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn fúnra ẹ̀. Òróró tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin atutù ẹ̀ ti gbẹ, tòkunbọ̀ ni. Gbé e wá sí Sábó lọ́la, a ó nù ún, a ó fi thermal paste tuntun sí i. Nínú ọyẹ́ yìí, kí o máa ṣí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí o fi blower fẹ́ eruku inú ẹ̀. Fi ìka di fáànù mú kí afẹ́fẹ́ má baà yí i ní ìyíkúyìí, ó lè ba á jẹ́. Má gbé e sílẹ̀lẹ̀, gbé e sórí tábìlì. Má sì so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré láìsí stabilizer láàárín.

Ajílété_Fídíò · Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ara ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà tí ọ̀gá ti bá mi fi paste sí i, kò kọjá 78 mọ́. Òde mẹ́rin ni mo ti kó fún wọn láti ìgbà náà, kò sí èyí tó pẹ́. Mo mú lára owó ẹ̀, mo ra GTX 1650 tí kò nílò wáyà iná, ọ̀gá wo fọ́tò power supply kó tó ní kí n rà á. GPU-Z sọ pé ojúlówó ni. Àbúrò mi gbé GTA sí i, ṣùgbọ́n ó ń rìn bí ìgbín, kò yàtọ̀ sí ìgbà tí káàdì ò sí. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

UnderG_Gamer · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:19 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ihò wo ni wáyà mọ́nítọ̀ wọ̀? Ti òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ USB, àbí ti ìsàlẹ̀ tó wà lára káàdì?

Ajílété_Fídíò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ti òkè ni o! Mo ti yí i sí ara káàdì. Ó ń sáré báyìí, ọkọ̀ inú ẹ̀ ń dán. Ṣé Quick Sync á ṣì máa ṣiṣẹ́ fún mi báyìí tí wáyà ti kúrò ní òkè?

Alátùnúnṣe_Sábó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Tan kọ̀ǹpútà, máa tẹ F2, wọ abẹ́ Video, wo Multi-Display, kí o rí i pé ó wà ní títàn. Tí Task Manager bá fi GPU 0 àti GPU 1 hàn ọ́, àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ajílété_Fídíò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Méjèèjì ló yọ. Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá. Mo ti ní kí àbúrò mi dìde, fídíò ìsìnkú kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ń retí lọ́jọ́ Ajé. Àǹtí Àkẹ̀sán, ibi méjì ló wà.